Ìpàdé ọgbọ̀n ọdún àwa sẹ́ẹ̀tì 1996: ọ̀nà wo ni owó wa yóò gbà dé Ifẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka Kẹ́mísìrì ní Ifẹ̀ ní 1996 fẹ́ pé jọ fún ọgbọ̀n ọdún wa. Àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà la pọ̀ jù. Àwọn kan wà ní Kánádà, àwọn kan wà ní London, ìyókù wà nílé. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ lórí WhatsApp, ìdí àǹkóò ló sì há sí: léèsì ni àbí àdìrẹ, àwọ̀ wo, ta ni yóò kọrin. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tí mi ò fojú kàn láti ọjọ́ tí a ti kó ẹrù wa kúrò ní Mọ́remí, ilé ibùgbé àwa obìnrin.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn mi. Nígbà tiwa, fásitì ìjọba àpapọ̀ kò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wa, owó ibùsùn ò sì tó nǹkan. Ẹlòmíì ló bá wa san án: àgbẹ̀, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọmọ tirẹ̀ lè má dé fásitì rárá. Mo fẹ́ kí ìpàdé yìí ní ohun tí yóò ṣe fún àwọn ọmọ tó jókòó sórí àga tí a dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Níbo ni ká ti ṣe é? Báwo la ṣe máa dá owó? Kí la lè ṣe fún ẹ̀ka wa tí kò ní bàjẹ́ láàárín ọdún kan? Ta ni yóò máa mójú tó o nígbà tí a bá ti padà síbi iṣẹ́ wa?

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Mo ti ṣe akápò fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde pẹ́ níbí. Tí ẹ ò bá ní mú ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ẹyọ kan yìí: ẹ má ṣe jẹ́ kí owó àríyá àti owó ilé-ìwé wọ àkáǹtì kan náà.

Ìdí ni pé àríyá ní ọjọ́, ilé-ìwé kò ní. Òtẹ́ẹ̀lì máa pè yín, alásè máa pè, onílù máa pè, gbogbo wọn ló fẹ́ gba tiwọn kí ọjọ́ tó pé. Fásitì ò ní pè. Bí owó bá wà lójú kan, ẹni tó ń pè ló máa gbà á. Mo mọ ẹgbẹ́ kan, kì í ṣe ti Ifẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n kó owó jọ rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì kéde pé èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àsè ni àwọn máa fi ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹnikẹ́ni ò jalè. Gbọ̀ngàn àti ìrẹsì ló gbé owó náà mì.

Torí náà, ẹ yí i po. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún ẹ̀ka, ẹ gbọ́ iye rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ dá owó ìyẹn jọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó fẹ́ wá jẹun san owó oúnjẹ tirẹ̀, iye tí oúnjẹ náà jẹ́ gan-an. Ẹni tí kò lè wá lè dá ti ilé-ìwé láì dá ti àríyá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà nílé, tí ₦20,000 jẹ́ owó gidi lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe máa lè kópa láìsí ìtìjú níwájú ẹni tó ń gba dọ́là.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlérí orí máìkì. Lálẹ́ àríyá, tí onílù bá ti ki èèyàn, ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun fún yín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là. Ẹ bá a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé títí owó yóò fi wọlé. Èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wa ni kí báńkì máa yọ iye kékeré lóṣooṣù. Ẹni ogójì tó ń dá dọ́là 25 lóṣù, ẹgbẹ̀rún dọ́là nìyẹn, 12,000 lọ́dún, láìpariwo.

Kí akápò jẹ́ méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun, kí owó má lè jáde láìsí ìbuwọ́lù àwọn méjèèjì. Kí ìṣirò máa bọ́ sórí WhatsApp lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lóṣù náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ká gbọ́ orúkọ òun, ẹ kọ "ọmọ ẹgbẹ́ kan".

Alásè Atlanta

Àwọn tó ń ṣe ìpàdé ni mò ń dáná fún, nítorí náà ti òtẹ́ẹ̀lì ni mo mọ̀ jù.

Ẹ sá fún òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day, ti Labor Day àti July 4. Gbogbo ẹgbẹ́ Nàìjíríà ló ń lé ọjọ́ wọ̀nyẹn torí ìsinmi, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sì máa ń ga. Òpin ọ̀sẹ̀ lásán nínú Oṣù Kẹwàá máa dín owó yín kù, oòrùn Houston náà á sì ti rọlẹ̀.

Ẹ ka ìwé àdéhùn òtẹ́ẹ̀lì tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ bá ní kí wọ́n pa yàrá mọ́ fún yín, tí àwọn tó gbà á ò sì tó iye kan (ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo sábà ń rí), ẹ̀yin lẹ máa san owó àwọn tó ṣófo. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé àwọn ń bọ̀, wọ́n á wá sùn sílé ẹ̀gbọ́n wọn. Yàrá díẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ fi kún un bí èèyàn bá ṣe ń san.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba oúnjẹ láti ìta. Òmíràn ò ní gbà á rárá, òmíràn á ní kí alásè mú ìwé àṣẹ àti ìwé ìṣedúró wá. Bí ẹ ò bá bi wọ́n ṣáájú, adìẹ tí kò ní ata ni wọ́n máa bù fún yín, ẹ̀yin tí ẹ wá jẹ àmàlà.

Ti físà ńkọ́? Ní Oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta péré, ó sì tún ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ẹ má gbé gbogbo ìpàdé lé e lórí pé àwọn ará ilé máa wá.

Akáńtáǹtì Dallas

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Maryland sọ nípa àkáǹtì méjì, òfin owó orí níbí gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ fàájì nìkan, IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, ò ní kà á sí ẹgbẹ́ àánú. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ lè gba 501(c)(3), ipò ẹgbẹ́ àánú tí kì í san owó orí. Bí owó tó ń wọlé fún yín kì í bá ju dọ́là 5,000 lọ lọ́dún, òfin ò fi dandan mú yín láti kọ̀wé béèrè fún un. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì rò pé kò ní kọjá 50,000 lọ́dún, tí dúkìá ẹgbẹ́ ò sì ju 250,000 lọ, fọ́ọ̀mù kúkúrú ni, 1023-EZ, dọ́là 275. Nọ́ńbà EIN, nọ́ńbà owó orí ẹgbẹ́ tí ẹ máa fi ṣí àkáǹtì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín gbà á.

Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún ni kí ẹ máa fi 990-N, ìròyìn kúkúrú nípa ẹgbẹ́, ránṣẹ́ sí IRS. Kò ju kí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta léraléra, ipò yẹn bọ́ nìyẹn, fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé púpọ̀ ló ti kú síbẹ̀, torí akọ̀wé kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ó wá kan àríyá. Bí èèyàn bá san dọ́là 200 fún tíkẹ́ẹ̀tì, tí oúnjẹ àti ohun mímu tó jẹ níbẹ̀ tó 120, dọ́là 80 nìkan ni ọrẹ. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ bí owó tó san bá ti ju 75 lọ. Ẹni tó bá dá 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà lọ́wọ́ yín. Bí àkáǹtì bá jẹ́ ọ̀kan, báwo lẹ ṣe máa pín gbogbo èyí sọ́tọ̀ nígbà tí ọdún bá parí?

Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ yín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ páìpù lásán tí owó kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí Nàìjíríà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí owó máa ṣe, kí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ohun tó ṣe nìyẹn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì láti Ifẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ti Houston.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn wa kì í béèrè: ilé-iṣẹ́ ńlá púpọ̀ máa ń fi iye tí òṣìṣẹ́ wọn bá dá kún un. Dá 500, wọ́n á fi 500 sí i. Ẹ bi ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín. Ẹgbẹ́ tó ti ní 501(c)(3) nìkan ni wọ́n sábà ń fún.

Ọmọ Mellanby, London

Ìbàdàn ni tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Ṣebí Ìbàdàn náà ni Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962 kó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967.

Fún àwọn tiyín tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí Houston. Níbí, bí ẹni tó ń san owó orí bá fi £100 fún ẹgbẹ́ àánú tí HMRC, àjọ owó orí Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀, tó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù Gift Aid, ìjọba máa fi £25 kún un. Bí owó náà bá gba Amẹ́ríkà kọjá, £25 yẹn ti lọ. Ẹgbẹ́ àánú tí owó rẹ̀ bá ju £5,000 lọ lọ́dún ní England àti Wales gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àánú. Bí ẹ ò bá pọ̀ tó ìyẹn, ẹ wá ẹgbẹ́ àánú kan tó ti wà, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àríyá ò sí nínú Gift Aid. Ọ̀rọ̀ àpò méjì náà ni.

Nípa ọjọ́: 17 Oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ìdásílẹ̀ Ìbàdàn, láti ìgbà tó ti jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948. Àwọn sẹ́ẹ̀tì púpọ̀ máa ń fi ìpàdé wọn sí àsìkò yẹn, torí ìgbà yẹn ni ilé-ìwé ń retí àlejò. Bí ẹ bá fẹ́ fa nǹkan lé ilé-ìwé lọ́wọ́, ẹ fi sí àsìkò ayẹyẹ wọn. Olórí ẹ̀ka á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà á sì rí yín. Kí ọmọ ogún ọdún rí ẹni tó jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn rí, tó sì padà wá, ohun ńlá ni.

Olùkọ́ nílé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará òkè òkun. Mò ń kọ́ni ní Kẹ́mísìrì ní ọ̀kan nínú àwọn fásitì ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ àwa tó ń gba ẹ̀bùn, torí ẹni tó ń fúnni kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ojú ń tì wá láti sọ pé ohun tí wọ́n gbé wá fún wa kò wúlò.

Àkọ́kọ́, agbára iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóltì, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹ̀rọ tó bá ti Amẹ́ríkà wá láìsí ohun tó ń sọ iná kalẹ̀ á jó lọ́jọ́ tí a bá tan án. Iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (hertz) náà tún yàtọ̀, 60 lọ́hùn-ún, 50 níbí, ìyẹn sì máa ń da mọ́tò inú ẹ̀rọ mìíràn láàmú bó bá tilẹ̀ ní ẹ̀rọ asọ-iná-kalẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kó o dànù.

Èkejì, ẹ̀rọ ńlá ní ikùn. Bí ẹ bá fún wa ní HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú omi sọ́tọ̀, ó ń jẹ kọ́lọ́ọ̀mù, ó ń jẹ ohun ìyọ́ǹkan tó mọ́ gan-an, lóṣooṣù. GC, tó ń fi gáàsì ya èròjà sọ́tọ̀, ń jẹ gáàsì. NMR ńlá, tó ń fi òòfà yẹ èròjà wò, ń mu hílíọ́ọ̀mù olómi, ó ń mu náítírójìn, bó ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tí kò ní owó bọ́ ẹ̀rọ á fi aṣọ bò ó ni. Bí ẹ bá fẹ́ fún wa ní ẹ̀rọ ńlá, ẹ fi owó oúnjẹ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún tì í. Bí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fún wa ní ohun kékeré.

Ohun kékeré wo? Burẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi kẹ́míkà jáde díẹ̀díẹ̀. Pípẹ́ẹ̀tì, tí a fi ń fa omi kẹ́míkà. Òṣùwọ̀n tó péye. Ẹ̀rọ tó ń ṣe omi mímọ́ fún láàbù. Fáànù tó ń fa èéfín jáde. Gíláàsì ojú fún àwọn ọmọ. Nínú kíláàsì ọdún kìíní, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yí burẹ́ẹ̀tì kan ká, ẹnìkan ń ṣe é, àwọn yòókù ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Wọ́n á jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí Kẹ́mísìrì láì tíì fi ọwọ́ ara wọn parí títíréṣọ̀n kan, ìyẹn fífi burẹ́ẹ̀tì wá agbára kẹ́míkà. Iye tí wọ́n á ná lórí gbọ̀ngàn alẹ́ kan ní Houston lè fi burẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ gbogbo kíláàsì. Ó ń dùn mí gidi, ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, iná. Ní Oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná jù lójúmọ́, láti ₦68 sí ₦225. Àwọn fásitì ò lè san án bí wọ́n ṣe ń san án tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń pín iná fún wa ní wákàtí. Sólà fún láàbù kan ṣoṣo, kì í ṣe fún gbogbo ilé, wúlò ju ohun gbogbo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ẹ má ra ti ásíìdì tí ọdún díẹ̀ á pa, kí ẹ sì fi owó bátìrì kejì pamọ́ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ra ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Gíwá fásitì ìjọba àpapọ̀ máa ń lo ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ti lọ. Olórí ẹ̀ka kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èèyàn lẹ bá ṣàdéhùn, àdéhùn á bá a lọ. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, kí ìwé àdéhùn sọ yàrá tí nǹkan máa wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó máa fi fọ́tò àti ìròyìn ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá àwọn tẹkinọ́lọ́jíìsì tó wà ní láàbù. Àwọn ló ti wà níbẹ̀ láti bí ogún ọdún, àwọn ló mọ ohun tó kù àti ohun tó fọ́, ẹnikẹ́ni ò sì í bi wọ́n.

Kẹ́míkà náà ń darúgbó o. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fásitì, gba 14 Oṣù Kejì títí dé 14 Oṣù Kẹwàá. Ẹni tó kó kẹ́míkà rẹpẹtẹ wá níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.

Bàbá Àpápá, Èkó

Ọ̀rọ̀ kan péré ni tèmi, iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní èbúté ni mò ń ṣe. Ẹ má fi kọ̀ntéńà ránṣẹ́ bí ẹ ò bá tíì gba ìwé ìdáríjì owó ibodè. Pé ẹrù jẹ́ ọrẹ fún ilé-ìwé kò ní kí kọ́sítọ̀mù fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè fún ìdáríjì náà, ó sì ń pẹ́. Lójoojúmọ́ tí kọ̀ntéńà bá fi wà nílẹ̀ lẹ́yìn gbèdéke, owó ń gorí rẹ̀. Mo ti rí àga àti ìwé tí owó tó gorí wọn ju iye wọn lọ. Ohun tí ẹ bá lè rà ní Èkó, ẹ rà á ní Èkó.

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Bàbá, mo fara mọ́ ọn fún àga àti kọ̀ǹpútà. Ti ìwé yàtọ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ́ àánú Books For Africa tó wà ní Minnesota ti ń kó ìwé lọ sí Áfíríkà láti 1988, wọ́n sì mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́, kó bá irú wọn sọ̀rọ̀ dípò kó máa di páálí nínú gáréèjì. Kó sì jẹ́ ìwé tí olùkọ́ béèrè fún. Ìwé Kẹ́mísìrì tí a fi jáde ní 1996, ká fi sílẹ̀ síbi tó wà.

Dókítà Toronto

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń dá lórí owó. Èmi fẹ́ sọ ti ara èèyàn.

Láti 1963 ni Ìbàdàn ti ń rán àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ sí Ìgbó-Ọrà, kí wọ́n lọ gbé láàárín àwọn ará Ìbàràpá, kí wọ́n wo àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi náà dé ibẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ní Ìgbó-Ọrà ló ń bọ́ mi títí dòní, ẹni tó kọ́ mi níbẹ̀ ni mo sì ń rántí jù. Ohun tí àwọn ọmọ nílé ń pàdánù báyìí ni ẹni tó máa kọ́ wọn, torí àwọn olùkọ́ ń lọ. Àwa la lọ.

Ìyá Ìbejì, ó dájú pé àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn tàbí ti epo. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ọmọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn, kó máa bá wọn pàdé lórí Zoom, kó ka ohun tí wọ́n kọ. Fún ẹni tó ń kọ́ni ní fásitì Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ètò Carnegie African Diaspora Fellowship, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ti ṣe irú èyí: ọjọ́ 14 sí 90 ní fásitì kan nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ilé-ìwé tó fẹ́ gbani lálejò ló máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ wádìí bóyá ó ṣì ń gba èèyàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀ka mọ̀ pé ẹ ṣe tán.

Àbúrò 2019, Manchester

Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò lówó tó yín, ọ̀pọ̀ wa ṣì ń san owó físà. Bí sẹ́ẹ̀tì yín bá fẹ́ kí nǹkan náà pẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan tàbí méjì nínú wa wà nínú ìgbìmọ̀. Àwa la mọ olùkọ́ tó ṣì wà níbẹ̀ àti tẹkinọ́lọ́jíìsì tó ń gbé ìpè. Ẹ̀bẹ̀ mi kan: ẹ̀bùn owó fún ọmọ tí kò ní owó ìforúkọsílẹ̀. Láti 2023 ni owó náà ti ga sókè ní ọ̀pọ̀ fásitì. Lóòótọ́ ìjọba ti dá NELFUND sílẹ̀, ẹ̀yáwó ni síbẹ̀, ọmọ náà á san án padà.

Akáńtáǹtì Dallas

Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ẹ̀bùn yẹn pamọ́ ní náírà. Ṣáájú Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀bùn ₦100,000 tí ẹgbẹ́ kan dá sílẹ̀ nígbà náà tó dọ́là 217. Ní ìparí 2024, kò tó 67. Ẹ jẹ́ kí ìdí owó wà ní dọ́là, kí ẹ máa yí èyí tí ẹ fẹ́ ná lọ́dún náà nìkan, kí ẹ sì máa tún iye ẹ̀bùn wò lọ́dọọdún. Ẹ tún san án tààrà sí fásitì lórúkọ ọmọ náà, kí rìsíìtì lè wà.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn yòókù lórí Zoom lánàá. Ariyanjiyan wà o. Àwọn kan fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tí a máa fi orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa pè. Mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ nílé sí wọn létí, láti orí burẹ́ẹ̀tì títí dé orí bátìrì, ilé sì pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ni ní Ohio ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun náà ò fọwọ́ kan burẹ́ẹ̀tì tó títí òun fi dé kíláàsì kẹta.

Ibi tí a fi í sí nìyí. Àkáǹtì méjì, àwọn akápò méjì. Owó ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, dọ́là 25 lóṣù fún ẹni tó bá lè ṣe é. Ti London á gba ọ̀nà tirẹ̀. Àríyá á wáyé nínú Oṣù Kẹwàá, ní gbọ̀ngàn ìjọ kan tí wọ́n jẹ́ kí a gbé oúnjẹ wa wọlé, àwọn ará ilé á pé jọ ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn mẹ́fà ti gbà láti mú ọmọ méjì-méjì fún iṣẹ́ ìwádìí. Láàbù ọdún kìíní la máa kọ́kọ́ gbájú mọ́, sólà tẹ̀ lé e bí owó bá ti pé. Ti ẹ̀bùn owó tí Àbúrò sọ, a ò tíì fẹnu kò.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, irú burẹ́ẹ̀tì wo ni kí a rà, níbo ni wọ́n ti ń tà á?

Olùkọ́ nílé

Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. 50 mìlílítà ni kí ẹ rà. Class B tó fún ọdún kìíní, ẹ ra Class A díẹ̀ fún àwọn ọdún ìkẹyìn. Kí kọ́ọ̀kì tó ń ṣí i, tó ń tì í jẹ́ ti PTFE, oríṣi pílásítíìkì kan, ẹ má ra ti gíláàsì, torí bí ọmọ bá gbàgbé sódíọ́ọ̀mù háídírọ́ksáìdì sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ti gíláàsì á lẹ̀ pa. Ọjà kẹ́míkà ní Òjóta, Èkó, lẹ máa ti rí àwọn tó ń tà á, ṣùgbọ́n ẹ gba iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí tẹkinọ́lọ́jíìsì láti Ifẹ̀ bá yín lọ wò ó lójú kí ẹ tó sanwó. Ẹ ra dúró tó ń dì í mú pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé.